Ìdáhùn: "Àsìkò ìbáṣe" kẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo júbà.

Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lánàá, bí wọn yóò ṣe bá àwọn ọmọ ọdún 9 sí 11 tún ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì yẹ̀ wò kí ìdánwò tó dé. Iṣẹ́ ńlá ni, mo kí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti pe gbólóhùn oní-"if" ní "àsìkò ìbáṣe", mo mí kanlẹ̀.

Ta ni yóò gbọ́ "ìbáṣe" tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sí ìbáṣepọ̀? Ọmọ yóò ní àwọn méjì kan ló ń bá ara wọn ṣe nǹkan. "Bá" inú "bá mi ṣe é" kọ́ ni "bá" inú "bí òjò bá rọ̀", ìyẹn náà kọ́ sì ni ti "òun ì bá ti lọ". Ẹ̀gbọ́n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò kan. Wọ́n tún wá kọ "ibà ìṣẹ̀lẹ̀" níbi tó yẹ kí wọ́n kọ "ibá ìṣẹ̀lẹ̀", ìyẹn ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "aspect", bóyá ìṣẹ̀lẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ tàbí ó ti parí. Ẹ forí jì mí o, ẹ ti fi ibà ṣe àwọn ọmọ! Ohùn òkè ló wà níbẹ̀.

Ẹ wo orúkọ tí àwọn tó ṣáájú wa fún wa: àsìkò afànámónìí. Ojú kan náà ni ọ̀rọ̀-ìṣe ń ní fún àná àti òní: ó fa àná mọ́ òní, ó parí. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ ti mọ̀ pé "lọ" wa kì í pààrọ̀ ojú, ibẹ̀ gan-an sì ni "I go yesterday" rẹ̀ ti ń wá. "Ti" náà ńkọ́? "Mo ti rí i lánàá" kò ní àbùkù lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kí "I have seen him" àti "yesterday" jókòó pọ̀. "I saw him yesterday" ni wọ́n ń fẹ́. Kí olùkọ́ lo odindi ọ̀sẹ̀ kan síbẹ̀ dípò kó máa kó orúkọ tuntun lé ọmọ lórí.

Ẹ jẹ́ n padà sí "if". Àsìkò kọ́ rárá. Nínú "If I had wings, I would fly", "had" wọ aṣọ àná, òní ló sì ń sọ. Bí ẹ bá pè é ní àsìkò, ọmọ á bi yín pé ìgbà wo ni ẹ ní ìyẹ́ rí. Gbólóhùn kání ni. "Bí òjò bá rọ̀, a ó jókòó sílé": a kì í sábà ki "yóò" bọ apá ti "bí", bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà fi "will" sí apá ti "if". Èdè wa ti ran ọmọ lọ́wọ́, a kò kàn sọ fún un ni. Ibi tí yóò ti kọsẹ̀ ni "ǹ bá fò", tó dúró fún "I would fly" àti "I would have flown", àfi bí a bá fi "ti" kún un.

Irú gbólóhùn oní-"if" tó kẹ́yìn, èyí tó ń sọ ohun tó ti kọjá, bíi "If we had known", kò nílò àdápè kankan. Ìyá bàbá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí a bá ti ṣe nǹkan bàjẹ́, á ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. À bá mọ̀! Odindi gbólóhùn ni wọ́n sọ di ọ̀rọ̀-orúkọ, láìpe ìgbìmọ̀ jọ. Ẹ pè é ní gbólóhùn àbámọ̀.

Ẹni tó ní òun ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni, nítorí náà kí a má jiyàn: ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ àmì ohùn kò mọ iye ọdún. Ẹ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni "kání". N ò gbà. Ìsúnkì "kí a ní" ni, ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Mo kọ ọ́ pọ̀ lókè torí pé ó ti di orúkọ gbólóhùn, ìyẹn ò sọ pé mo túúbá. Ta ló ní ìwé èdè-ìperí, ìyẹn ìwé àwọn orúkọ tí a fi ń pe ohun inú ẹ̀kọ́ èdè, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990 nítòsí? Kó bá wa yẹ̀ ẹ́ wò kílẹ̀ tó ṣú.