Ọba àti ìránṣẹ́ nínú larp: kí ló máa ń bà á jẹ́?

Akọ̀wéÀàfin: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe larp (eré tí èèyàn ń fi ara ṣe bí ẹ̀dá-ìtàn) àti roleplay alákọsílẹ̀ (èyí tí ẹ ń kọ ránṣẹ́ síra yín) lórí ìtàn àròsọ abàmì, níbi tí ọ̀gá àti ẹrú, ọba àti ìránṣẹ́ ti jẹ́ kókó, kí lẹ rí tó máa ń ba eré yẹn jẹ́ jù?

ÌlàOòrùn: Ọba tó ń pariwo. Agbára ò sí lẹ́nu ọba, ọwọ́ àwọn tó yí i ká ló wà. Bó bá wọlé, tẹ́ni mẹ́ta dìde, tí ọ̀rọ̀ gé mọ́ àwọn yòókù lẹ́nu, ó ti dọba nìyẹn. Ẹ pín iṣẹ́ yìí kí eré tó bẹ̀rẹ̀: ta ló máa kọ́kọ́ dìde, ta ni ò ní lè wò ó lójú. Bí ẹ ò bá pín in, ariwo ni yóò fi dípò rẹ̀.

EyínMímú: Ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹlẹ́jẹ̀Tútù: Kò tíì parí o. Èmi gbà pé òfin eré ló ń gbé e ró. Vampire: The Masquerade, eré roleplay nípa àwọn vampire (òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn), tó ti wà láti 1991, ní ìdè ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ èèyàn di ẹrú vampire: èèyàn á mu ẹ̀jẹ̀ vampire kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ní òru mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìdè náà tó dè é pátápátá. Láàárín ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn ni adùn wà, torí ẹni tí wọ́n ń dè ṣì lè sá. Àwọn olùdarí eré tó ń jẹ́ kí wọ́n mu ún tán lóru kan ló ń pa á.

ÌlàOòrùn: Dominate, agbára tí vampire inú eré yẹn fi ń darí ọkàn ẹlòmíràn, ńkọ́? Àfi kójú kojú kó tó ṣiṣẹ́. Bí ẹni kejì bá gbójú sá, òfin rẹ dà?

Ẹlẹ́jẹ̀Tútù: Ẹni tó gbójú sá ti jẹ́ kí gbogbo ilé mọ ẹni tóun ń bẹ̀rù.

ÌlàOòrùn: Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn!

Olùṣọ́Ẹnubodè: Ẹ dákun, bí wọ́n ṣe ń dá eré dúró ńkọ́? Nínú larp àwọn ará Nordic (àríwá Yúróòpù), "cut" túmọ̀ sí pé kí gbogbo nǹkan dúró. "Brake", pé kí wọ́n rọra. Ẹni tó ń ṣe ẹrú ló máa ń ṣòro fún jù láti sọ ọ́, torí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ò gbọdọ̀ já ọ̀gá lẹ́nu. Ẹ lo àmì ọwọ́. Ẹni tó ń ṣe ọ̀gá á fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ṣe òbìrí kékeré láti fi béèrè bóyá nǹkan ń lọ dáadáa fún ẹni kejì. Bí ẹni kejì bá gbé àtàǹpàkò sókè, ẹ máa bá a lọ. Bó bá dà á délẹ̀, tàbí tó ń mi àtẹ́lẹwọ́, ẹ mú un kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ bi í léèrè.

Atẹ̀wé: Nínú ti alákọsílẹ̀, ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí ọ̀gá kọ ìdáhùn ẹrú mọ́ tirẹ̀. Kọ "ọba na ìka sí ilẹ̀", kí o sì dúró níbẹ̀. O ò gbọdọ̀ kọ "ìránṣẹ́ sì kúnlẹ̀". Òun ló ni orúnkún rẹ̀.

EyínMímú: Ìyẹn máa fa eré falẹ̀.

Atẹ̀wé: Ẹ ṣàdéhùn ṣáájú. Àwọn nǹkan kékeré bíi dídáhùn, bíbu ọtí, ìkúnlẹ̀, ọ̀gá lè kọ ọ́. Ọgbẹ́, àṣírí àti ikú, kò gbọdọ̀ kọ ọ́ láìbéèrè.

Olùṣọ́Ẹnubodè: Kẹ́ ẹ fi lines and veils ti Ron Edwards, ẹni tó ń ṣe àwọn eré roleplay, kún un: line ni ohun tí kò ní wáyé rárá, veil ni èyí tó wáyé lẹ́yìn aṣọ ìkélé, tẹ́nì kankan ò ṣàpèjúwe.

Ẹlẹ́jẹ̀Tútù: Atẹ̀wé, kí ló dé tí ìkúnlẹ̀ fi wà lára nǹkan kékeré? Òun gan-an ni eré.

Atẹ̀wé: Ó dáa. Ti àkọ́kọ́, ẹ béèrè. Àwọn tó bá tẹ̀ lé e ni ọ̀gá lè kọ.