Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́ oní-comp lábẹ́ aṣọ: ohun tí ojú mi rí

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹnìkan béèrè níjọ́sí bóyá ìbọn ìléwọ́ kékeré tó ní comp lẹ́nu, ìyẹn ihò tó ń tú èéfín sókè kí ìbọn má fò jù, ṣeé gbé sábẹ́ aṣọ lójoojúmọ́. Àwọn tó dá a lóhùn pín sí méjì: àwọn kan ní kò sóhun tó dà bí ẹ̀, àwọn kan ní ìnákúnàá ni. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ní rénjì, ibi tí wọ́n ti ń fi ìbọn dánra wò, lẹ́ẹ̀kan ni, wọ́n yin ín, wọ́n dá a padà. Èmi gbé tèmi oṣù mẹ́jọ gbáko, mo sì ti yin bí ọta 1,800 nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

Ẹ̀gbẹ́ Houston ni mò ń gbé. Èmi ni mo máa ń ti ìlẹ̀kùn ibi iṣẹ́ wa láago mọ́kànlá alẹ́, tí mo sì máa ń dá rìn gba ibi ìgbọ́kọ̀sí dé ìdí mọ́tò mi. Láti September 1, 2021 ni Texas ò ti béèrè ìwé àṣẹ mọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin ò sì kà á léèwọ̀ fún. Mo gba LTC, ìwé àṣẹ gbígbé ìbọn ti Texas, síbẹ̀, torí ìpínlẹ̀ míì wà tí wọn ò ní wojú mi láìsí ìwé.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí: ẹ̀tù tó bá jó nínú ìbọn, èéfín gbígbóná ẹ̀ ló ń ti ọta jáde. Comp ni ihò tí wọ́n gbẹ́ sórí ẹnu ìbọn, níwájú ibi tí ọ̀pá parí sí. Bí ọta ṣe ń kọjá lọ, èéfín yẹn á sá gba ihò lọ sókè, á sì tẹ ẹnu ìbọn wálẹ̀. Ìbọn á ṣì ta yín lọ́wọ́ o, àmọ́ kò ní fò sókè tó ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń fi ìbọn díje ti ń lò ó tipẹ́. Ohun tó sọ ọ́ di ti ẹni tó ń gbé ìbọn pamọ́ ni pé ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ mọ́ síláìdì, irin òkè ìbọn tó ń sún sẹ́yìn tí ẹ bá yin ín, lára ìbọn kékeré fúnra ẹ̀, bíi P365-XMACRO tí SIG Sauer gbé jáde ní 2022: ọ̀pá ínṣì 3.1, mágasíìnì (ilé ọta) tó ń gba ọta 17, comp wà lára síláìdì. Ti ilé iṣẹ́ míì ni tèmi, mi ò sì ní dárúkọ wọn, torí ohun tí mo fẹ́ sọ ò dùn tán.

Ọjọ́ kìíní ní rénjì, páálí ọta 115 grain (grain ni wọ́n fi ń wọn bí orí ọta ṣe wúwo tó) tó pọ́ọ́kú jù ní ṣọ́ọ̀bù ni mo gbé lọ. Ọta kẹrin, ìbọn há. Èèpo ọta kò fò jáde, síláìdì gbá a mú, ó nàró síbẹ̀ bí ẹni tó ń wò mí lójú. Mo tú u, mo tẹ̀ síwájú. Kí n tó yin 100, ó ti há nígbà mẹ́rin. Mo kọ́kọ́ rò pé ọwọ́ mi ló dẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń bójú tó rénjì gbà á, òun náà yin mẹ́wàá, ó há mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Oúnjẹ yìí ò yó o."

Òótọ́ ló sọ. Agbára tí ìbọn fi ń ta sẹ́yìn náà ni síláìdì fi ń ṣí. Comp ti bu lára agbára yẹn, tí ẹ bá wá fún un ní ọta tí ẹ̀tù inú ẹ̀ ò lágbára, síláìdì kò ní lọ sẹ́yìn dé ibi tó yẹ kó dé, pàápàá nígbà tí sípíríǹgì ṣì le. Nígbà tí mo fún un ní 124 grain +P, ọta tí wọ́n fi agbára kún ju ti lásán lọ, èyí tí mo ń gbé kiri gan-an, mo yin 200, kò há lẹ́ẹ̀kan. Ọta 9mm lásán, ìwọ̀n ìtìsí èéfín inú ìbọn tó ga jù tí wọ́n fọwọ́ sí fún un ni 35,000 psi, ti +P jẹ́ 38,500. Agbára tó lé yẹn ló ń dí ohun tí comp bù kù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹyọ kan +P tí mo ń rà ò jìnnà sí dọ́là kan. Ta ló fẹ́ fi ìyẹn dánra wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Èmi kọ́.

Ṣé ó wá yára ju ti àtijọ́ lọ? Mo gbé aago ìkà-ìbọn lọ, mo yin mẹ́fà mẹ́fà ní yáàdì méje, bẹ̀rẹ̀ láti inú akọ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní Bill Drill. Ìbọn mi àtijọ́ tí kò ní comp: ìṣẹ́jú àáyá 2.9 ni mo sábà ń gbà. Eléyìí: 2.7. Ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ lè pè é ní ńlá, ẹ lè pè é ní kékeré. Èmi ò rí i bíi bàbàrà. Ibi tí mo ti gbádùn ẹ̀ ni ojú red dot, gíláàsì kékeré orí ìbọn tó ń fi àmì pupa hàn láti fi wo ibi tí à ń yin. Pẹ̀lú ti àtijọ́, tí mo bá yin, àmì pupa yẹn á sá jáde nínú gíláàsì, màá máa wá a. Pẹ̀lú oní-comp, ó máa ń gbọ̀n ni, ó sì ń padà sójú kan náà.

Àmọ́ gíláàsì yẹn náà ni èéfín ń dà lé. Tí mo bá ti yin 100, ó ti ṣú bí ojú fèrèsé ilé ìdáná. Bọ́rọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti òróró ni mo fi ń fọ inú ihò comp, ẹ̀gbin ibẹ̀ sì máa ń gan, ó ń le bí ìdí ìkòkò.

Èyí tó dẹ́rù bà mí jù lọ ni ti yíyin ìbọn nítòsí ara. Olùkọ́ wa ní kí á yin ín láti ìhà, ìgúnpá sẹ́yìn, bí ẹni pé aburú ti di kọ́là aṣọ wa mú. Ìbọn àtijọ́ ò bá mi wí. Eléyìí fẹ́ mi lójú. Mo gbọ́ ooru lábẹ́ àgbọ̀n, nǹkan ta sí mi lára jígí ojú, nígbà tí mo sì délé, mo rí àwọn èérún dúdú lára ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi láti igbáàyà dé èjìká, wínníwínní bí ẹni fín atare sí i. Olùkọ́ náà kọ́ mi kí n yí ìbọn síta díẹ̀ kí ihò má kọjú sí mi. Ó dín kù, kò tán. Ẹni tó bá ń gbé oní-comp tí kò tíì yin ín láti ìhà rí, pẹ̀lú jígí lójú àti olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò tíì mọ ohun tó gbé.

Ti iná alẹ́ tí gbogbo èèyàn ń pariwo? Mo yin ín nígbà tí wọ́n pa iná rénjì. Ó kọ yẹ̀rì sókè, mo rí i, mo ṣì rí àmì mi. Ọta tó dára kì í tan iná tó ọta olówó pọ́ọ́kú. Kò tó ohun tí à ń jà lé lórí.

Gbígbé pamọ́ ńkọ́? Comp kò ṣe é ní ohunkóhun. Ìdìmú ìbọn ló ń yọ lábẹ́ aṣọ, kì í ṣe ẹnu ẹ̀. Ẹnu tó gùn díẹ̀ tiẹ̀ ń ti ìdìmú mọ́ ikùn tí mo bá dìde dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń gún mi nítan tí mo bá jókòó sínú mọ́tò. Iwájú ni mo ń gbé e sí, lábẹ́ ìdodo, nínú akọ̀ Kydex (ike líle) tó bo apátí dáadáa kí ìka tàbí aṣọ má bàa kan án. Níjọ́ kan tí mo gbàgbé pé ó wà lára mi, níbi òde ìyàwó kan ní Houston níbí, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ẹ̀yin ará, ìdìmú yẹn gbá mi níkùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Bàbá rò pé ìfẹ́ ni. Wọ́n fún mi ní ogún dọ́là.

Ohun tí mo tún fẹ́ kí ẹ mọ̀: comp ti gba àyè ọ̀pá. Ìbọn mi méjèèjì gùn dọ́gba tí mo bá gbé wọn ti ara wọn, àmọ́ ọ̀pá oní-comp fi bí ìdajì ínṣì kúrú sí ti èkejì, ọ̀pá tó kúrú sì ń dín eré ọta kù. Ẹ béèrè ìyẹn kí ẹ tó sanwó. Tiyín ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Dallas

Àbúrò, mo kí ẹ. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti lé ní àádọ́ta, oríkèé ọwọ́ mi sì ti ń dùn mí láti ọdún mélòó kan. Ìbọn kékeré tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, tí mo bá yin ogún ọta, mi ò ní lè ṣí ìdérí ìgò lọ́jọ́ kejì. Ọkọ mi ra oní-comp fún mi. Mo ń yin àádọ́ta báyìí, mo sì ń se oúnjẹ alẹ́. Èmi ò mọ ti ìdá méjì nínú mẹ́wàá àáyá yẹn o. Ìbọn tí ọwọ́ bá ń dùn mí torí ẹ̀, mi ò ní gbé e lọ dánra wò. Ìbọn tí mi ò sì fi dánra wò, kí ni mo gbé e dání fún?

Òótọ́ ni pé ó ń pariwo sí ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀gbẹ́ni kan kó ẹrù ẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ojú burúkú wò mí. Ilé ìwòsàn wa ò gbà kí á mú ìbọn wọlé, inú àpótí irin oníkọ́kọ́rọ́ nínú mọ́tò ni tèmi máa ń sùn títí iṣẹ́ fi parí.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, Atlanta

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Kì í ṣe comp ló fẹ́ pa mí, okùn jákẹ́ẹ̀tì ni. Òtútù mú, mo fẹ́ dá ìbọn padà sínú akọ̀, mi ò wolẹ̀. Ó há díẹ̀, mo fẹ́ tì í. Ọlọ́run ló ní kí n dúró kí n wò ó: okùn tó ń fa ìdí jákẹ́ẹ̀tì mi ti wọ inú akọ̀, ó ti yí mọ́ apátí. Ẹnu ìbọn sì kọjú sí ibi tí mi ò lè sọ níbí. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni í jẹ́ kí wọ́n kọjú ẹ̀ kọ òun? Èmi fúnra mi ni mo kọjú ẹ̀ kọ ara mi. Láti ọjọ́ náà, mo ń ká aṣọ sókè, mo ń wò ó, mo ń rọra tì í bí ẹni ń gbé ẹyin. Kò sẹ́ni tó ń fún èèyàn ní ife-ẹ̀yẹ pé ó yára dá ìbọn padà.

Ará California

Ẹ̀yin ará Texas ń jayé. Níbí, ẹni tó bá rò pé òun á kàn lọ ra ọ̀pá tó ní ìlà yíyí lẹ́nu kí òun wé comp mọ́ ọn, kó dúró. Ìbọn ìléwọ́ tó ń gbé ọta sẹ́nu fúnra ẹ̀, tí wọ́n sì ń ti mágasíìnì ẹ̀ bọ̀ tí wọ́n ń yọ ọ́, tó bá ní ọ̀pá bẹ́ẹ̀, òfin wa lè kà á sí ohun ìjà ogun. Mágasíìnì tó ju ọta mẹ́wàá lọ ò sì ṣeé rà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sí i, akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù ló gbà mí.

Ọmọ Ìyá Wa

Ìkìlọ̀ díẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà tí mo wà lórí físà iṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kí n bá òun tọ́jú páálí ọta kan sílé fún òpin ọ̀sẹ̀. Mo kọ̀, ó bínú. Nígbà tó yá ni mo fi òfin ìjọba àpapọ̀ hàn án: ẹni tó bá wà lórí físà ìgbà díẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn, kò gbọ́dọ̀ ní ọta pàápàá, àfi ààyè díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, irú bí ìwé àṣẹ ọdẹ. Green card ni mo dúró dè.

Èmi tí mo kọ ti òkè

Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín ni mo kà sókè fún ìyàwó mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń ráhùn nípa ọrùn ọwọ́ ẹ̀, èmi sì ń sọ fún un pé kó dì í mú dáadáa sí i. Ní Sátidé mo fún un ní oní-comp yẹn, mo fi 124 grain sí i. Ó yin ọgbọ̀n, kò há, ó wo ìbọn náà, ó wò mí, ó ní, "Ta ló ní eléyìí tẹ́lẹ̀?"

Mo ti padà sí ti àtijọ́. Ó ń fò sókè, àmọ́ ó ń jẹ ohunkóhun tí mo bá fún un, kì í sì í fẹ́ ata sí mi láṣọ. Ìyàwó mi kó gbogbo páálí 115 tó kù nílé, ó tì wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ tèmi nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi bírò kọ orúkọ mi sí wọn lára.