Ihò tí mo kọ sínú àlàyé kò bá bọ́ọ̀dù dé: ẹ̀bi ta ni?

Olùbéèrè, Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Inverter ni mò ń ṣe, ilé-iṣẹ́ kan ní Shenzhen, ní Ṣáínà, ló sì ń bá mi tẹ bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí a ń to ẹ̀yà ẹ̀rọ iná sí. Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù tí gbogbo ayé ń ṣe, tó nípọn tó 1.6 mm, tí bàbà rẹ̀ jẹ́ 1 oz (bí bàbà ojú rẹ̀ ṣe nípọn tó ni oz ń sọ), mo kàn máa ń fi fáìlì sórí ìkànnì wọn ni, ẹ̀rọ á dá iye lé e, n ó sì sanwó. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ bàbà 2 oz, mo sì fẹ́ ihò tóóró kan láàárín ọ̀nà iná NEPA àti ti bátìrì, kí iná má baà fò kọjá. Mo kọ ọ́ sínú àpótí àlàyé. Nígbà tí bọ́ọ̀dù 10 náà dé, kò sí ihò kankan. Ńṣe ni wọ́n fi ọ̀dà funfun tẹ àwòrán rẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù, bí ẹni kọ orúkọ sára ilẹ̀kùn.

Èsì kìíní:
Ẹ má bínú, ọ̀gá, ọ̀dà funfun yẹn ti tú àṣírí: orí fáìlì ìkọ̀wé, èyí tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ funfun sójú bọ́ọ̀dù, lẹ ya ihò náà sí. Fáìlì Gerber, ìyẹn àwòrán bọ́ọ̀dù tí ẹ fi ránṣẹ́, ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, kì í ṣe àlàyé. Ẹ yà á sórí fáìlì tí ẹ fi ya etí bọ́ọ̀dù, kí ìlà rẹ̀ yípo padà pàdé ara. Èmi kì í jẹ́ kí ó tóóró ju 1 mm lọ. Bí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ kọ́kọ́ wo fáìlì iṣẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, bó tilẹ̀ máa fa iṣẹ́ sẹ́yìn díẹ̀.

Èsì kejì:
Ẹ má gbàgbé ti bàbà. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oníbàárà ni wọ́n ń kó pọ̀ sórí pátákó ńlá kan, ìdí nìyẹn tí owó 1 oz fi kéré. 2 oz kò lè bá wọn wọ inú rẹ̀. Yàtọ̀ sí owó, omi kẹ́míkà tó ń jẹ bàbà tó nípọn a máa jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ fi àyè sí àárín àwọn ìlà. Ní tèmi, n ó fi 1 oz sílẹ̀, n ó ní kí wọ́n má fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé bo ọ̀nà iná bátìrì, n ó sì yọ́ léèdì tí a fi ń jó ẹ̀yà pọ̀ sí i nípọn, kí ó lè gbé iná púpọ̀.

Olùbéèrè:
Mo ti ṣí fáìlì náà wò, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ṣé mo lè fi ayùn gé 10 tó wà nílẹ̀?

Èsì kìíní:
Ẹ lè gé e, bí ìlà bàbà kankan kò bá gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ bo imú o, gíláàsì wà nínú eruku rẹ̀.