“Sà, kí ni a ṣe?”: Mo ń wá ìmọ̀ràn lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àti odò ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ wa

Olùkọ́ Ọ̀gbìn béèrè:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tí mo ti ń rò láti ìgbà tí a ti wọlé sáà kejì yìí. Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn ọgbà wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, àwọn ìyá tó ń ṣe láfún ṣì máa ń rẹ pákí sí etí rẹ̀, ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀rá omi àti ike ni ó dí i pa, àwọn tó ń ṣẹ́ igi ìdáná àti àwọn tó ń sun èédú ti gé igi etí rẹ̀ tán, bí òjò ńlá bá sì rọ̀, bèbè odò a máa ya, omi á wá pọ́n bí epo.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, tí í ṣe Àyájọ́ Ọjọ́ Àyíká Àgbáyé, a gbin igi tíìkì àti máńgòrò 60 sí etí odò náà. Ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀, a ya fọ́tò, a sì túká. Kí oṣù kejìlá tó dé, igi 3 péré ni ó kù: ewúrẹ́ jẹ nínú wọn, òǹgbẹ pa nínú wọn nígbà tí òjò dá, iná tí àwọn ọdẹ fi sun ìgbẹ́ sì jó ìyókù.

Igi nìkan kọ́ ni ó ń dùn mí. Nígbà tí mo kéde ní kíláàsì pé kí ẹni tó bá wù nínú àwọn ọmọ SS1 àti SS2 wá bá mi ṣiṣẹ́ ní etí odò ní Sátidé, ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, “Sà, kí ni a ṣe?” Ó rò pé ìyà ni mo fẹ́ fi jẹ wọ́n. N kò rí èsì fún un, nítorí ní ilé ẹ̀kọ́ wa, ẹni tó bá pẹ́ dé ni a ń gbé àdá lé lọ́wọ́ kí ó lọ gé koríko, ẹni tó bá pariwo ni ó sì ń ṣa ìdọ̀tí. Òbí kan tilẹ̀ wá sọ fún ọ̀gá àgbà pé òun kò rán ọmọ òun wá ṣe lébìrà. Báwo ni mo ṣe lè mú kí wọ́n fi tinútinú wá? Ṣé kí n fi máàkì kún un fún wọn? Kí ni mo sì lè ṣe kí igi má tún kú?

Àgbà Igbó dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Iṣẹ́ igbó ìjọba ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, igi ni mo sì lè sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ̀yin olùkọ́ ni ẹ mọ ti ọmọ. Igi tí a bá gbìn nítorí fọ́tò kì í ní alágbàtọ́.

Ẹ yọwọ́ tíìkì kúrò ní etí odò. Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí abọ́, ó máa ń ṣíji bolẹ̀ débi pé koríko kì í fẹ́ hù lábẹ́ rẹ̀, omi òjò tó bá sì ń kán láti orí ewé náà a máa gbẹ́ ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò. Ọparun ni kí ẹ fi di bèbè mú, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń so erùpẹ̀ pọ̀. Ẹ gé ọ̀pá ìyeyè, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé, yóò rúwé fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ igi ìrántí, ẹ gbin emi (igi òrí) sí òkè díẹ̀ níbi tí omi kì í dúró sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè tó ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó so.

Ní ti ewúrẹ́, lápálàpá ni kí ẹ fi ṣe ọgbà yí ibẹ̀ ká, nítorí ẹran kì í jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ gidi fún àwọn ọmọ pé májèlé wà nínú kóró rẹ̀. Ó dùn lẹ́nu bí ẹ̀pà, ìyẹn gan-an ni ewu rẹ̀. Ní ti iná, ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro ilẹ̀ yíká ibẹ̀ kanlẹ̀, kí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 15, kí iná tó ń bọ̀ má rí ohun tí yóò jẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kankan tanná sí ìgbẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ dáhùn:

Irú òbí tí olùkọ́ ń sọ yẹn ni èmi náà, ẹ má bínú. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2, òun ni ó sì ń bá mi gbé ẹlùbọ́ lọ sí Ọjà Jagun ní Sátidé, nítorí náà ẹni tó bá gba Sátidé lọ́wọ́ rẹ̀, owó oúnjẹ wa ni ó gbà. Ẹ fi iṣẹ́ náà sí ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ bíi JETS, ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, máa ń pàdé ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹ kọ̀wé sí wa kí a buwọ́ lù ú, kí ẹ kọ aago tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ àti aago tí ẹ ó parí sínú rẹ̀, àti orúkọ olùkọ́ tí yóò gbé ọmọ lọ sí ọsibítù bí ejò bá bù ú jẹ.

Nígbà tí èmi fúnra mi wà ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní kí a lọ ṣa ìgò lẹ́yìn kíláàsì láì wọ bàtà. Àpá rẹ̀ ṣì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Bí kò bá sí bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má pe ọmọ mi.

Olùkọ́ Àtijọ́ dáhùn:

Ẹ ti ń kẹ́ àwọn ọmọ yìí jù. Bí a bá dúró de ọmọ ọdún 15 kí ó fi tinútinú mú ọkọ́, a ó pẹ́ ní ìdúró. Àwọn bàbá wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ pín wọn sí ìsọ̀rí, kí ẹ fi máàkì sí i, wọn yóò wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH dáhùn:

Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, mo fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: wọn yóò wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí máàkì bá tán ni wọn yóò lọ, oṣù kejì sí oṣù kẹta tí igi nílò omi jù lọ kò sì ní bá ẹnì kankan níbẹ̀. Mo wà nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ etí odò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní SS1, àwa mẹ́rin péré ni a sì bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ wa kò gbé àdá fún wa rárá ní oṣù àkọ́kọ́. Ó ní kí a mú ìwé àti kálàmù, kí a rìn lọ sí etí odò, kí a ka ohun tí a bá rí.

Ọ̀rá omi ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí a kà. A ṣa àwọn tí kò ya, a fọ̀ wọ́n, a fi igi ìgbálẹ̀ lu ihò mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, a rọ ilẹ̀ dúdú sínú rẹ̀, a sì gbin kóró kaṣú. Nígbà tí àkọ́kọ́ máa yọrí, ó gbé èèpo kóró rẹ̀ sórí bí ẹni dé fìlà. Àwọn ọmọ kíláàsì mìíràn ń gba ojú fèrèsé wò ó, wọ́n sì ń bi wá pé ta ni ó ni ti èyí, ta ni ó ni ti ìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wá fúnra wọn. Àsìkò kaṣú ni a wà yìí, sà, nítorí náà ẹ kò pẹ́: ẹ gbìn ín sínú ọ̀rá báyìí, kí ẹ sì gbé e lọ sí oko nígbà tí òjò bá ti múlẹ̀ ní oṣù kẹfà. Kí ẹ tó gbé e sínú ilẹ̀, ẹ rí i pé ẹ ya ọ̀rá náà kúrò, kí ó má baà há gbòǹgbò mọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi kan ni pé kí ilé ẹ̀kọ́ má fi etí odò jẹ ẹnikẹ́ni níyà mọ́. Kò sí bí ibì kan náà ṣe lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n ní ọjọ́ Ajé kí ó tún jẹ́ ti ẹni ní Ọjọ́rú.

Olùkọ́ Ọ̀gbìn padà wá:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti gbé e kúrò ní Sátidé, mo sì ti kọ ìwé òbí bí ìyá ṣe là á sílẹ̀. Ọ̀gá àgbà kò tíì gbà pé kí a yí ìyà apẹ́lẹ́yìn padà, ó ní òun yóò rò ó; mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n máa gé koríko iwájú ọ́fíìsì ná, kí wọ́n fi etí odò sílẹ̀, ó sì gba ìyẹn. Ọmọ márùn-ún ni ó ti forúkọ sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó bi mí ní ìbéèrè lọ́jọ́ náà kò sí nínú wọn, ṣùgbọ́n lánàá ó mú kóró agbálùmọ̀ mẹ́ta wá láti inú àpò aṣọ rẹ̀, ó ní ṣé ó lè hù nínú ọ̀rá. Àgbà Igbó, kí ni kí n sọ fún un?

Àgbà Igbó dáhùn:

Yóò hù, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí kóró náà gbẹ. Ẹ gbìn ín lónìí.