Ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé l'Ábújá: kí ẹ tó gbin nǹkan (ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta láti Kubwa, Lugbe àti Karu)

Kubwa
Ẹ má jẹ́ kí àkọ́rọ̀ òjò tàn yín jẹ. Ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù kẹrin kó sì tún dá, oòrùn á wá pa gbogbo ohun tó hù. Ẹ tún ilẹ̀ ṣe ná. Yangí ni wọ́n fi kún ọ̀pọ̀ àgbàlá níbí, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ló sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ẹ wọlé tó ẹsẹ̀ kan, ẹ ṣa òkúta kúrò, kí ẹ po ìgbẹ́ adìyẹ mọ́ ọn, korobá kan sí bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà méjì. Ìgbẹ́ tútù kọ́ o, á jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ, ẹ bò ó, ẹ máa yí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí òórùn burúkú yẹn á fi lọ. Kí bẹ́ẹ̀dì ga ju ilẹ̀ lọ díẹ̀, torí pé tí òjò oṣù kẹfà bá dé, omi tó dúró sídìí ẹ̀fọ́ ló ń mú kí ọrùn rẹ̀ rà.

Kóró tẹ̀tẹ̀ (alayyahu lẹ́nu àwọn Háúsá tó ń tà á) kéré jù. Ẹ po ṣíbí kan mọ́ ife yanrìn gbígbẹ kan kí ẹ tó fọ́n ọn, kó má baà ṣù sójú kan. Ti ewédú le: ó máa ń sùn, kì í tètè hù. Ẹ di kóró rẹ̀ sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, ẹ yọ ọ́ kíá, ẹ sá a síbi tí oòrùn ò sí. Ẹni tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ ti sè é nìyẹn.

Lugbe
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ n fi ti ilá kún un. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kóró mẹ́ta sí ihò kan, ẹsẹ̀ kan láàárín ihò sí ihò, ẹsẹ̀ méjì láàárín poro. Tó bá ti ga tó ìka, ẹ fi èyí tó lágbára jù sílẹ̀, ẹ fi sáàsì gé ìyókù. Ẹ má fà á tu, gbòǹgbò wọn ti lọ́ mọ́ra. Tó bá ń so, ọjọ́ méjì méjì ni kíká. Èyí tó bá gbó sórí igi ń dá àwọn tó kù dúró.

Fún tata, ẹ gún ewé dongoyárò, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn. Òjò bá rọ̀ lé e, ẹ tún un ṣe.

Karu
Tòmátì ni kí ẹ fura sí. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń fi omi ìrinlẹ̀ gbìn ín ní Kano, kì í ṣe lásán. Lásìkò òjò, ẹrẹ̀ tó ń ta sí ewé ìsàlẹ̀ ló ń gbé àrùn lọ sókè. Tí ẹ bá ṣì fẹ́, ẹ fi igi gbé e ró, ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sídìí rẹ̀, ẹ já gbogbo ewé tó bá kan ilẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ gbin ewúro. Ẹ gé igi rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan, ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ó parí.