Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá: àpótí létà àtijọ́ àti mọ̀lẹ́bí tí mi ò mọ̀ rí

Àṣàbí22: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn kíá. A ń palẹ̀ yàrá bàbá àgbà mi mọ́, a wá rí àpótí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, létà ló kún inú ẹ̀, òmíràn ti ń já níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ. Àwọn tó kọ ọ́, mi ò mọ ẹyọ ẹnì kan. Àbúrò bàbá àgbà nìkan ló kù tó lè mọ̀ wọ́n, ara wọn ò sì yá rárá. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹnì kan tún ti kọ̀wé sí mi lórí Facebook pé mọ̀lẹ́bí wa lòun, òun fẹ́ rí àwọn létà náà.

Tọ́lá_W: Pẹ̀lẹ́ o. Èdè wo ni wọ́n fi kọ ọ́? Bí ọdún mélòó sẹ́yìn? O ò sọ. Ṣáà má ju àpò létà kankan nù, òǹtẹ̀ pósọ́fíìsì tó wà lára sítáǹbù ló máa sọ ibi tí létà ti gbéra àti ọjọ́ tó gbéra, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọ ọdún, wọ́n á kàn kọ "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìrọ̀lẹ́" ó tán. Wo ẹ̀yìn ẹ̀ náà, àdírẹ́sì ẹni tó fi ránṣẹ́ lè wà níbẹ̀.

IyaTemi: Má fún ẹni orí Facebook yẹn ní nǹkan kan o! Ẹnì kan wá bá èmi náà, ó ní ọmọ ọmọ àbúrò ìyá ìyá mi lòun, ó mọ ẹni tó bí ta ni, ó dárúkọ gbogbo wọn láìṣì, ó ní òun ń kọ ìtàn ẹbí kí n yá òun ní létà wò fún ìgbà díẹ̀. Létà tí ìyá ìyá mi kọ sí ọkọ wọn kí wọ́n tó fẹ́ra ni o. Ó kó o lọ, ó pààrọ̀ nọ́ńbà, ó sì bulọ́ọ̀kù mi. Nígbà tó yá mo rí fọ́tò ọ̀kan níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti gé sítáǹbù kúrò lára ẹ̀. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ìyá ìyá mi. Mi ò rí ìyókù títí dòní.

Dúpẹ́: Yéè! Ó mà ṣe o mà.

Gbénró: Èyí ni mi ò ṣe fẹ́ràn àwọn ìbátan tó máa ń ṣàdédé yọjú yìí. Tí ẹ̀yin ò wá wọn, kí ni wọ́n ń wá?

Kọ́ládé: Ó dùn mí fún yín mà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká torí ẹnì kan lé gbogbo ìbátan sá. Àṣàbí, létà tí wọ́n kọ SÍ bàbá àgbà ẹ ló wà nínú àpótí yẹn. Èyí tí bàbá àgbà fọwọ́ ara wọn kọ, ọwọ́ àwọn tí wọ́n kọ ọ́ sí ló wà, ọwọ́ ọmọ wọn, ọwọ́ ọmọ ọmọ wọn. Bí o ò bá bá àwọn yẹn sọ̀rọ̀ ìdajì ọ̀rọ̀ lo máa gbọ́ títí ayé, èsì láìsí ìbéèrè.

IyaTemi: Ṣé o ka ohun tí mo kọ ṣá? Mi ò ní kó má bá a sọ̀rọ̀. Mo ní kí ojúlówó létà má kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Kó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i, kí ẹni yẹn náà kọ́kọ́ fi tiẹ̀ hàn.

Gbénró: Fọ́tò gan-an ó ti pọ̀ jù.

Kọ́ládé: Gbénró, báwo ni ẹbí ṣe máa mọra wọn báyìí?

Sùnmọ́mi: Gbogbo ìyẹn ń fàkókò ṣòfò, ẹ ní kó lọ ṣe DNA.

Tọ́lá_W: DNA ò lè sọ ẹni tó kọ létà fún un. Ẹni tí òbí òbí òbí ẹ̀ àti tìrẹ jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá, nínú irú èèyàn bẹ́ẹ̀ 10, bí ẹnì 1 wà tí DNA yín ò ní pàdé rárá, mọ̀lẹ́bí yín ṣì ni. Àti pé ní 2023, wọ́n jí ìsọfúnni bíi mílíọ̀nù 6.9 èèyàn wò ní 23andMe, ilé iṣẹ́ tó ń fi itọ́ yẹ DNA wò, nígbà tó di oṣù kẹta 2025 ilé iṣẹ́ yẹn gbé ọ̀rọ̀ gbèsè lọ kóòtù. Kó rò ó dáadáa kó tó tutọ́ sínú ìgò ẹnikẹ́ni.

Dúpẹ́: Ẹ jọ̀ọ́ èmi náà ń wá ibi tí mo lè to orúkọ ẹbí mi sí o, kó má gba owó.

Kọ́ládé: FamilySearch lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ igi ìdílé kan náà ni gbogbo ayé jọ ń kọ síbẹ̀, ẹlòmíì lè yí ohun tí o kọ nípa olóògbé padà. Fi ẹ̀dà tìẹ pamọ́.

Adúláwò: Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹni tó béèrè. Má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó já, á fi àbààwọ́n sílẹ̀ tí kò ní jáde mọ́. Má laminate ẹ̀ láéláé. Èyí tí wọ́n so pọ̀, má tú u kí o tó ya bó ṣe wà, ẹni tó so ó ní ìdí tó fi so ó. Ya iwájú, ya ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, láìlo fílááṣì. Tí o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, má bi wọ́n pé "ta ni lágbájá" bí ọlọ́pàá, ka létà náà sí wọn létí kí o tan fóònù kó máa gbohùn sílẹ̀, orúkọ ìnagijẹ tó wà nínú ẹ̀ ni wọ́n máa dá mọ̀, àwọn ló máa wá sọ orúkọ gangan tí wọ́n ń jẹ́ nínú ìwé ìjọba fún ẹ. Láìsí ìyẹn o lè wá a títí o ò ní rí i nínú àkọsílẹ̀ kankan. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí o kọ́kọ́ lọ. Létà ò ní lọ síbì kan.

Àṣàbí22: Ẹ ṣé gan-an gbogbo yín. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí pé oorun ni àbúrò bàbá àgbà ń sùn jù látàná, nítorí náà mi ò ní dúró ya fọ́tò kankan, mo ń gbé àpótí náà lọ bó ṣe wà. Ẹni orí Facebook náà ń bọ̀ níbẹ̀, ó ní ìyá òun ní létà mẹ́ta tí bàbá àgbà kọ, a jọ máa kà á fún wọn.

IyaTemi: Odindi àpótí kẹ̀? Pẹ̀lú ẹni yẹn?

Kọ́ládé: Máa lọ jàre. Tan fóònù o.

IyaTemi: Àṣàbí, jọ̀ọ́, ka iye tó wà nínú ẹ̀ kí o tó wọ ọkọ̀.

Àṣàbí22: Mo ti wà nínú ọkọ̀ mà. Orí ẹsẹ̀ mi ló wà.