Ọkọ̀ kékeré tó ń fì ní kọ́nà: ẹ jẹ́ ká sọ ìrírí wa lórí ṣọ́ọ̀kì, sípíríǹgì àti bọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin náà wá fi tiyín kún un.

Corolla 2005 ni mo ń wà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu rí, àmọ́ tí mo bá ti wọ kọ́nà tó gùn díẹ̀, ara ọkọ̀ á kọ́kọ́ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lẹ́yìn náà ni iwájú á tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tẹ̀lé ibi tí mo darí rẹ̀ sí. Bí gálọ́ọ̀pù bá wà láàárín kọ́nà náà, ìdí ọkọ̀ á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ́ ló ń ní kí n lọ ra sípíríǹgì kúkúrú tó le, kí ọkọ̀ lè sún mọ́lẹ̀. Mo ní rárá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílẹ̀ ná.

A gbé iwájú ọkọ̀ sókè, a fi sítáǹdì dì í mú lábẹ́, a tú táyà. Mẹkáníìkì ki irin gígùn kan bọ ẹ̀gbẹ́ lower arm, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ tó so wíìlì mọ́ abẹ́ ọkọ̀, ó rọra tì í. Bọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn, ìyẹn rọ́bà tó wà níbi tí apá náà ti so mọ́ ọkọ̀, la ẹnu bí ẹni tó ń yán. Rọ́bà rẹ̀ ti ya kúrò lára irin, lower arm wá ń sún síwájú sẹ́yìn bó ṣe wù ú. Tí ibẹ̀ bá ti ń sún, ojú táyà á máa yí fúnra rẹ̀ tí o bá tẹ bíréèkì tàbí tí o bá wọ kọ́nà, láìjẹ́ pé o fọwọ́ kan sítíárìn. Kò sí sípíríǹgì tó lè wo ìyẹn sàn, bó ti wù kó wọ́n tó.

A wá tú ṣọ́ọ̀kì iwájú. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ọ̀pá rẹ̀ wọlé. Ó wọlé láìjanpata, ó sì jókòó síbẹ̀, kò padà jáde. Mo tẹ tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ó le lọ́wọ́, nígbà tí mo sì gbọ́wọ́ kúrò, ó rọra ń yọ jáde fúnra rẹ̀, nítorí pé náítírójìn tí wọ́n fún sínú rẹ̀ ló ń tì í. Lára ti àtijọ́, ọ́ìlì ti jò láti ọrùn dé ìdajì, eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Sípíríǹgì ló ń gbé ọkọ̀ ró. Ṣọ́ọ̀kì ló ń kó sípíríǹgì níjàánu kó má baà máa fò sókè sódò lẹ́yìn tí kòtò ti kọjá. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Ohun tí wọn kì í sábà rò ni pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì iwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ètò tí ẹnjiníà kan, Earle MacPherson, gbé kalẹ̀ ni wọ́n ń lò, èyí tí Ford ti fi sára Consul àti Zephyr láti nǹkan bí 1950. Nínú ètò yìí, wíìlì kò ní apá kankan lókè. Ṣọ́ọ̀kì gan-an ló dì í mú kó dúró lóòró. Ó gbilẹ̀ kárí ayé torí pé kò gba àyè, ó ń fi ààyè sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n dábùú síwájú ọkọ̀. Nítorí náà, tí ṣọ́ọ̀kì iwájú bá ti gbó, yàtọ̀ sí pé ọkọ̀ á máa fò, ìdúró táyà fúnra rẹ̀ lórí títì ti yẹ̀.

Ohun tí mo pààrọ̀ ni ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó fi díẹ̀ le ju ti àkọ́ṣe lọ, mọ́ọ̀ǹtì òkè tó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ara ọkọ̀ pẹ̀lú bíárìn rẹ̀, bọ́ọ̀ṣì lower arm méjèèjì, àti linkage, ìyẹn irin kékeré tó so mọ́ ẹnu ọ̀pá stabilizer, ọ̀pá tó ń dín bí ọkọ̀ ṣe ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kù. Mo fi sípíríǹgì àkọ́ṣe sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó bá fẹ́ tú sípíríǹgì kúrò lára ṣọ́ọ̀kì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é láìlo ohun èlò tí wọ́n fi ń fún un pọ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé ohun èlò náà lágbára. Agbára tó wà nínú sípíríǹgì tí a fún pọ̀ lè pa èèyàn.

Ohun kan wà tí mo dúró tì mẹkáníìkì lé lórí, mo sì fẹ́ kí gbogbo yín dì í mú. Bóòtù tó gba inú bọ́ọ̀ṣì kọjá, a kì í fún un le pátápátá nígbà tí wíìlì bá ń rọ̀ dirodiro. Inú bọ́ọ̀ṣì rọ́bà kì í yí lọ́fẹ̀ẹ́, lílọ́ ni rọ́bà náà ń lọ́. Bí a bá fún un nígbà tí wíìlì wà nísàlẹ̀, tí a wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, rọ́bà náà á ti lọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á sì ya láìpẹ́. Kí ọkọ̀ kọ́kọ́ fi ìwúwo rẹ̀ jókòó lórí táyà, ká tó fún bóòtù náà parí.

Láti ibẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣe alignment, ìyẹn títo ìdúró táyà, ló kàn, torí bóòtù méjì tó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ wíìlì ló ń pinnu camber, ìyẹn bí orí táyà ṣe fì sínú tàbí síta. Bí a bá ti tú wọn, kò sí bí ó ṣe máa padà síbi tó wà gẹ́lẹ́.

Ó ṣì ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, sípíríǹgì àkọ́ṣe kúkú ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ló ń dà, á sì dúró síbẹ̀. Tí mo bá yí sítíárìn, iwájú ń dáhùn lójú ẹsẹ̀. Gálọ́ọ̀pù àárín kọ́nà kò gbé ìdí rẹ̀ mọ́. Inú mi dùn sí ọkọ̀ yìí báyìí ju ìgbà tí mo kọ́kọ́ rà á lọ.

* * *

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Èmi bá tèmi láti òdìkejì ni. Golf ìran kẹrin ni mo rà, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ sì ti gé sípíríǹgì rẹ̀. Lójú, ọkọ̀ náà wuni. Ó sún mọ́lẹ̀, táyà kún ihò rẹ̀ dáadáa. Lórí ìrìn, ẹ̀rù ni. Á di kọ́nà mú ṣinṣin fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà, láìkìlọ̀, iwájú á kàn yọ̀ lọ síta.

Nígbà tí mo wọ abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yé mi. Rọ́bà kan wà lára ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì tó ń gba ọkọ̀ dúró kí irin má baà gbá irin tí ṣọ́ọ̀kì bá wọlé tán. Ó yẹ kí àyè wà kí ọkọ̀ tó kàn án. Ti Golf yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé e kó tó kúrò níbi tí mo gbé e sí. Bó bá wá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà, rọ́bà á tẹ̀ tán, sípíríǹgì ò ní níṣẹ́ mọ́, ìwúwo á rọ́ lu táyà kan ṣoṣo lójijì, táyà yẹn á sì jọ̀wọ́ títì sílẹ̀.

Ẹ̀kejì, lower arm. Ó yẹ kó tẹ́jú, tàbí kí ìdí rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wíìlì rẹlẹ̀ díẹ̀. Ti Golf yìí ti yọrí sókè. Nínú ètò MacPherson tí ẹ̀gbọ́n sọ yẹn, bí apá náà bá ti kọrí sókè, ojú ibi tí ara ọkọ̀ ń yí lé á lọ sílẹ̀ ju bí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe lọ sílẹ̀ lọ. Bí ojú ibẹ̀ bá ṣe jìnnà tó sí ibi tí ìwúwo ọkọ̀ wà ni agbára tó ń dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣe ń pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ jù fi lè máa dà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Gígé ń mú sípíríǹgì le lóòótọ́. Bí èyí tó ní ìyípo 8 tó ń ṣiṣẹ́ bá di 7, á fi nǹkan bí ìdá 14 nínú 100 le sí i. Ìyẹn kò tó láti dípò àyè tó ti sọ nù. Ẹnu tí wọ́n gé kì í sì í jókòó dáadáa sínú àwo rẹ̀ mọ́, ṣọ́ọ̀kì àkọ́ṣe ò sì lè kó sípíríǹgì tó le jù ú lọ níjàánu.

Mo yọ gbogbo rẹ̀ dànù. Sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún ara wọn ni mo fi sí i, èyí tó rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ ní mílímítà 30 péré sí ti àkọ́ṣe. Ó ga ju bí mo ṣe bá a lọ, ó sì yá ní kọ́nà jù ú lọ fíìfíì. Ẹ rántí tún iná iwájú tò tí gíga ọkọ̀ bá ti yí padà o, kẹ́ ẹ má baà máa fi iná fọ́ ẹlòmíràn lójú.

* * *

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹnu ọ̀pá stabilizer ni tèmi wà. Mazda 3 ti 2006 ni, ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dára, síbẹ̀ iwájú rẹ̀ ń wọ́ lọ síta kọ́nà bí mo bá yára wọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà nìyẹn, kí awakọ̀ tó bá bẹ̀rù, tó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, má baà rí ìdí ọkọ̀ níwájú.

Mo fi ọ̀pá tó sanra jù sí ẹ̀yìn nìkan. Ẹ má fojú kéré mílímítà méjì nínú ọ̀rọ̀ ọ̀pá yìí. Líle rẹ̀ ń lọ pẹ̀lú ìsanra × ìsanra × ìsanra × ìsanra: ọ̀pá gbọnrangandan tó jẹ́ mílímítà 20, bó bá di 22, tí gígùn rẹ̀ kò yí padà, ó ti fi nǹkan bí ìdá 46 nínú 100 le sí i. Ẹ̀yìn wá ń gbà lára iṣẹ́ tí táyà iwájú tó wà níta ń dá ṣe, iwájú sì rí ìsinmi. Sítíárìn kan náà ni, kọ́nà kan náà ni, àmọ́ ọkọ̀ wá ń yà bí mo ṣe ní kó yà.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o. Nínú òjò, bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lójijì láàárín kọ́nà, ìdí rẹ̀ ń fẹ́ jáde. Mo ti mọ̀ ọ́n, mo sì ń fi sọ́kàn. Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn nínú ilé tún ń wa ọkọ̀ yín, ẹ mú ọ̀pá tó ní ihò méjì lẹ́nu, kẹ́ ẹ sì so linkage mọ́ ihò tó rọ̀. Kí táyà ẹ̀yìn má sì gbó ju ti iwájú lọ.

* * *

Ọ̀rọ̀ kúkúrú lórí bọ́ọ̀ṣì polyurethane, ohun tó dà bíi rọ́bà àmọ́ tó le ju rọ́bà lọ. Mo ní Civic 1998, mo sì fi polyurethane sí ibi púpọ̀ lára rẹ̀, ó dára. Bọ́ọ̀ṣì ńlá ti trailing arm, ìyẹn apá gígùn tó di wíìlì ẹ̀yìn mú, nìkan ni mo fi rọ́bà tuntun sí. Apá yẹn kì í kàn lọ sókè sódò, ó tún ń yí díẹ̀ bó ṣe ń lọ, bọ́ọ̀ṣì líle sì máa ń há a mọ́. Àwọn tó ti fi polyurethane síbẹ̀ ń ráhùn pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ń ta kítí lórí gálọ́ọ̀pù. Ẹ tún fi gíríìsì tó bá polyurethane mu sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa dún.

* * *

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Owó mi kò tó fún gbogbo èyí lẹ́ẹ̀kan náà. Yaris ni mo ní. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

* * *

Àbúrò, táyà. Wo ọjọ́ orí rẹ̀ lára rẹ̀: nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ìparí àmì DOT, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kù ni ọdún. 3519 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2019. Táyà tó ti gan, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ jinlẹ̀, kò lè di títì mú, àwa tí a sì ń sọ ṣọ́ọ̀kì àti ọ̀pá yìí, ojú táyà mẹ́rin yẹn náà ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. Wo afẹ́fẹ́ rẹ̀ nígbà tí táyà bá tutù, kí o fún un dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà awakọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ní kí wọ́n ṣe alignment, kí wọ́n sì fún ọ ní ìwé tó fi ìwọ̀n hàn. Má gba "ó ti dára" lásán. Ti Yaris rẹ, camber àti toe (bí iwájú táyà ṣe kọjú sínú tàbí síta) ti ẹ̀yìn kò ṣeé tún ṣe bíi ti iwájú, torí pé igi kan ló so wíìlì ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Bí ìwọ̀n ẹ̀yìn bá yẹ̀ gan-an lórí ìwé náà, bọ́ọ̀ṣì igi yẹn ti lọ, tàbí igi náà ti tẹ̀. Ìwé yẹn ló máa sọ ibi tí owó rẹ yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Gbé e wá síbí tí o bá ti gbà á, ká jọ wò ó.